Mẹ́jọ Ni, Kì í Ṣe Mẹ́sàn-án

“Yèsí? Ta ni nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí ló mọ iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́ sí i láti Ìbàdàn?”

Olóyè Zechariah Adémúyìwá ló béèrè bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngán kóòtù ní Ìwópin, ní oṣù kẹfà ọdún 1962, lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ tí ń bu owó orí fún ará ìlú jókòó. Àwa tí a wà níbẹ̀ á tó ọgọ́rin. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ẹnì kan wúkọ́, ẹlòmíràn ń lé eṣinṣin. Ọkùnrin tí wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀, Fàsásì Ọláníyọnu, dúró láàárín gbọ̀ngán, ó di fìlà rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, kò sọ̀rọ̀. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀, tí mo jókòó ní ẹ̀gbẹ́ olóyè gan-an pẹ̀lú kálàmù lọ́wọ́, èmi náà kò sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú ọgọ́rin ènìyàn yẹn, yàtọ̀ sí Fàsásì fúnra rẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ ìdáhùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, ẹ kò mọ orúkọ mi, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Èmi ni ẹni tí ẹ ń pè ní Bàbá Àdììtú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ máa ń kọ̀wé sí mi pé kí Bàbá pẹ́ láyé, kí Bàbá jẹun dalẹ́. N kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Ọmọ́táyọ̀ Gbénró ni orúkọ mi, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni mí, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, n kò tíì gbéyàwó. Olóòtú bẹ̀ mí pé kí n má fi orúkọ sí èyí. Mo ní bí n kò bá fi orúkọ sí i, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ náà ni mo tún padà sí. Lọ́sẹ̀ yìí n kò ní àdììtú kankan fún yín. Òótọ́ kan ló wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọdún mẹ́ta, ó sì tó àkókò kí n pọ̀ ọ́.

Ní ìparí ọdún 1959 ni wọ́n gbé mi lọ sí Ìwópin láti máa kọ́ni ní ilé ìwé módà tó wà níbẹ̀, èyí tí ọmọ ń wọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Yunifásítì ní Ìbàdàn, ara mi ò balẹ̀, orí mi ń gbóná. N kò lè jókòó sójú kan tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣírò nǹkan: iye pákó tó wà ní òrùlé, iye ìgbà tí ìyá àgbà kan á jẹnu kí ó tó gbé òkèlè mì. Bàbá mi tó jẹ́ katikíìsì sọ pé etí omi á tètè sú mi. Bàbá mi kò mọ̀ rárá. Títí di òní, bí mo bá di ojú, mo ṣì ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́tà lójú omi bí ó ti ń bọ̀ láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, mo ṣì ń gbóòórùn èéfín ẹja tó ń gbẹ lórí ààrò, mo ṣì ń rí ìkùukùu ọyẹ́ tó bo ọ̀sà láàárọ̀ tó fi jẹ́ pé ohùn atukọ̀ nìkan la ó kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí orí rẹ̀.

Ilé Fàsásì ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Ọmọ Efire ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, ó ń tu ọkọ̀ kó èrò láàárín Efire àti Ìwópin, ó sì ń hun ẹní nígbà tí èrò bá wọ́n. Ọkọ̀ rẹ̀ tóbi, ó sì lẹ́wà. Igi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, láti inú igbó Mámù ló ti rà á, ọdún mẹ́ta ló fi san owó rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ ọkọ̀ náà, á ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé inú yàrá ìyá rẹ lo ṣe bẹ́ẹ̀ wọ̀?” Ìyàwó rẹ̀, Asimawu, ló kọ́ mi bí a ti ń jẹ ìkókore pẹ̀lú ẹja òbòkún, ó ní ìyá mi ní Àgọ́-Ìwòyè kò mọ̀ ọ́n sè, omi ló ń bù sí iṣu.

Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé tó kọjú sí ọ̀sà. Fàsásì á máa hun ẹní, èmi á máa bi í ní àlọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí ju mí lọ. Kò mọ ìwé rárá, ṣùgbọ́n ó lè hun ẹní tó ní àwọ̀ mẹ́rin láìka okùn kan, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bára mu. Lọ́jọ́ kan ó ní:

“Tíṣà, ọkọ̀ kan kúrò ní Efire ní kùtùkùtù, ó rọra ń lọ. Ọkọ̀ kejì kúrò ní Ìwópin nígbà tí oòrùn ti mú, ó ń sáré. Wọ́n pàdé lójú omi. Èwo ló jìnnà sí Efire jù nínú méjèèjì?”

Mo fa pépà yọ. Mo béèrè bí ọ̀nà ti jìn tó, bí ìṣàn omi ti rí. Ó dá mi lóhùn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Mo ṣírò títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Asimawu ni kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. “Tíṣà, wọ́n ti pàdé! Ojú kan náà ni wọ́n wà!”

Ẹ rántí àdììtú yẹn? Òun ni èyí àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí. Lẹ́tà tó wọlé lé ní igba, ìdajì wọn ló kùnà. Olóòtú kọ̀wé sí mi pé kí n máa fi ọ̀kan ránṣẹ́ nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ lẹ́tà bá ń lọ, wọn á máa san ṣílè mẹ́wàá, ìdajì pọ́n-ùn, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣílè mẹ́wàá! Kì í ṣe pé ebi ń pa mí. Owó oṣù mi tó mi í jẹ. Àmọ́ owó oṣù, iṣẹ́ ló mú un wá. Owó yìí, orí mi ló mú un wá, tàbí kí n sọ òótọ́ kí n tó gbàgbé ìdí tí mo fi ń kọ̀wé: orí mi àti orí Fàsásì.

Ibi tí mo ti ṣubú nìyí. Owó orí tèmi, wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù kí ó tó kàn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún fọ́ọ̀mù kan máa ń dé, ìlà kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń béèrè pé: yàtọ̀ sí owó oṣù, owó wo ló tún ń wọlé fún ọ, láti ibo? Mo wo ìlà yẹn bí mo ti máa ń wo àdììtú. N kò bi ara mi pé, kí ni òótọ́? Ohun tí mo bi ara mi ni pé, ọ̀nà wo la fi lè jáde nínú èyí? Mo sì rí ọ̀nà. Bí owó kò bá ti wá ní orúkọ mi, kò wọlé fún mi. Mo kọ “Kò sí” síbẹ̀, inú mi dùn bí ọmọdé tó já àlọ́. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà: gbogbo owó orí tí n bá san lórí àdììtú fún ọdún mẹ́ta kò ju pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè díẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye yẹn sọ́kàn.

Mo lọ bá Fàsásì. “Bàbá,” ni mo wí, “àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ kí tíṣà máa kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn. Ẹ jẹ́ kí n máa fi orúkọ yín gba owó náà.” Irọ́ ni. Kò sí ọ̀gá tó bá mi sọ bẹ́ẹ̀.

Ó gbé ẹní sílẹ̀. “Orúkọ tèmi? Ṣé orúkọ mi á wọ Ìbàdàn?”

“Á wọ̀ ọ́, Bàbá.”

“Kí ó máa lọ nígbà náà. Èmi alára kò tíì dé ibẹ̀ rí. Kí orúkọ lọ bá mi wo ìlú wá.”

Asimawu ní, “Ẹ ṣọ́ra o, kí orúkọ má lọ fẹ́ ìyàwó síbẹ̀.”

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ lẹ́tà bá dé, Fàsásì á wẹ̀, á wọ agbádá, á lọ sí ọ̀dọ̀ Ernest tó ń mójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́, á tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìwé, á gba ṣílè mẹ́wàá, á sì gbé e wá fún mi láìyọ kọ́bọ̀. Mo máa ń fi ṣílè kan lé e lọ́wọ́. Ó máa ń kọ̀ ọ́. Asimawu ló máa ń gbà á, á ní kí a má jẹ́ kí ọwọ́ ro tíṣà níbi tó nà án sí. Mo fẹ́ràn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé bí irú èyí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn wọn. N kò tíì gbádùn ibi kankan tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ernest kò mọ ẹni tó ni owó. Ó kàn rí i pé atukọ̀ tí kò mọ ìwé ń gba owó láti Ìbàdàn, ó sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹ káàbọ̀, Olówó Ìbàdàn! Ṣé wọ́n ti fi yín jẹ mínísítà ni?” Fàsásì á rẹ́rìn-ín, á gba owó, á máa lọ. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọjà, ó jáde lódì kejì, ó ti di ńlá.

Ní ọdún 1962 wọ́n yan ìgbìmọ̀ tuntun. Ìlànà wọn rọrùn. Ìlà kan wà ní àádọ́ta pọ́n-ùn. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá dé ìlà yẹn, iye kan náà tí gbogbo ará ìlú ń san ni yóò san. Ẹni tó bá sọdá rẹ̀ á san jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló fi pamọ́, á san ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pẹ̀lú owó ìtanràn. Wọ́n wá akọ̀wé tó mọ ìṣirò, ọ̀gá ilé ìwé wa sì fi mí fún wọn. Mo sì rí orúkọ Fàsásì nínú àwọn tí wọ́n pè.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìjókòó, ó bá mi ní ẹ̀yìnkùlé. “Tíṣà, wọ́n ní kí n wá. Kí ni kí n wí fún wọn?”

“Ẹ má sọ nǹkan kan, Bàbá,” ni mo dáhùn. “Èmi ni akọ̀wé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.”

“Ó dáa,” ni ó wí, ó sì padà sídìí ẹní rẹ̀. Kò tún bi mí ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Báyìí ni a ṣe dé inú gbọ̀ngán yẹn, tí Olóyè Adémúyìwá béèrè ìbéèrè rẹ̀, tí gbogbo wa dákẹ́. Mo mọ̀ pé ìgbà yẹn ni ó yẹ kí n dìde. Mo wo ìwé tó wà níwájú mi. Mo kọ déètì ọjọ́ náà sí i, mo tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún.

“Fàsásì, ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?” ni olóyè bi í. “Iṣẹ́ wo lò ń ṣe fún àwọn ará Ìbàdàn?”

“Bàbá Olóyè, mo ń tukọ̀, mo ń hun ẹní.”

“Ṣé ẹní ni wọ́n ń rà ní ṣílè mẹ́wàá mẹ́wàá láìrí i?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Fàsásì kàn wò mí fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gbé ojú kúrò.

Ènìyàn rere ni Olóyè Adémúyìwá, kò fẹ́ràn kí ó máa ni ará ìlú lára. Ó ní, “Ó dáa, kò burú. Bí a kò mọ iṣẹ́, a mọ owó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọkọ̀ àti ẹní, a ti bu pọ́n-ùn méjìdínlọ́gbọ̀n fún un lọ́dún. Ernest, ìgbà mélòó ni ti Ìbàdàn ń wá?”

“Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ lẹ́tà bá dé ni, sà. Kì í yẹ̀.”

“Ọkọ̀ lẹ́tà ń dé ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ọjọ́ òjìdínnírinwó ó lé márùn-ún ló wà nínú ọdún. Tí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́sàn-án...” Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan, ètè rẹ̀ ń mì. “Ogójì ìgbà. Ogún pọ́n-ùn nìyẹn. Fi kún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó di méjìdínláàádọ́ta.” Ó gbé ojú sókè, ó hàn pé inú òun náà dùn. “Kò dé àádọ́ta. Fàsásì, máa lọ sílé. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí owó bá tún ń tọ̀ ọ́ wá, wá sọ ọ́ fún wa fúnra rẹ, má jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà.”

Ó parí. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó parí. Asimawu tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ti ń so gèlè rẹ̀ le láti bá ọkọ rẹ̀ lọ. Fàsásì ti gbé fìlà lé orí. Kò sí ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ mi ju kí n kọ “méjìdínláàádọ́ta” sínú ìwé, kí n sì pe orúkọ ẹni tó kàn.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò tọ̀nà. Mo rí i bí ènìyàn ti ń rí òkúta nínú ìrẹsì. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ka ọjọ́ nílẹ̀ wa: bí ọkọ̀ bá dé lónìí, òní la ó kọ́kọ́ kà, ọjọ́ kẹsàn-án ni yóò tún dé. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́jọ péré ló wà láàárín. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n, kò sí ìyá ọlọ́jà tí kò mọ̀ ọ́n. Ìwé díẹ̀ tí olóyè kà ló fi gbàgbé rẹ̀. Ó ń dùn mí ní orí. Mo gbìyànjú láti kọ méjìdínláàádọ́ta, ọwọ́ mi kò gbà. Mo wúkọ́ díẹ̀.

Fàsásì yíjú padà. Ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo gbọ̀ngán ló rí i.

“Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Olóyè,” ni mo wí. “Mẹ́jọ ni, kì í ṣe mẹ́sàn-án.”

“Mẹ́jọ kí ni?”

“Ọkọ̀ lẹ́tà, sà. Ọjọ́ mẹ́jọ ló wà láàárín ìgbà kan sí èkejì. Kì í ṣe ogójì ìgbà lọ́dún, márùndínláàádọ́ta ni. Pọ́n-ùn méjìlélógún àti ṣílè mẹ́wàá. Tí a bá fi kún ti ọkọ̀ àti ẹní...” Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ó ti pẹ́ jù. Olóyè ti ń fi pẹ́ńsù rẹ̀ tẹ̀lé mi.

“Àádọ́ta pọ́n-ùn àti ṣílè mẹ́wàá,” ni ó wí, jẹ́jẹ́.

Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ gbá tábìlì. “Ẹ wo orí! Owó tí wọ́n ná sí ọmọ yìí ní Yunifásítì kò ṣègbé!” Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Fàsásì ṣí fìlà rẹ̀, ó sì padà wá dúró sí ibi tó ti kúrò. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ẹnu tí kò lè la nígbà tí òótọ́ ń wá a ló la nítorí ìṣirò. Nítorí ṣílè mẹ́wàá tó lé ní orí ìlà ni mo ṣe ta ọkùnrin tó ń bọ́ mi.

Pọ́n-ùn mẹ́tàdínlógún ni wọ́n bù fún un, ti ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ìtanràn, kí ó san án láàárín oṣù kan tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n. Mo ní ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ nínú báńkì. N kò san án. Mo ní bí mo bá san án, wọn á béèrè ìdí. Ẹ̀yin tí ẹ ń yìn mí pé orí mi pé, ẹ wo ohun tí orí pípé ń ṣe: ó máa ń rí ìdí fún ohun gbogbo. Fàsásì ta ọkọ̀ rẹ̀ fún oníṣòwò ẹja kan láti Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé e, ó fi omi fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ní àlejò kì í wọ yàrá ẹlẹ́gbin. Mo fún un ní pọ́n-ùn méjì, mo ní kí ó fi ra nǹkan. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúà fún mi pé Ọlọ́run á fi mí ṣe olórí. Mo ṣe àmín.

Wọ́n gbé mi kúrò ní Ìwópin ní ìparí ọdún yẹn, mo lọ ń kọ́ni ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ṣì ń kọ àdììtú. Orúkọ ìyá mi, Zipporah, ni mo wá fi ń gba owó. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn gbogbo èyí. Ẹ má bá mi fi aṣọ bò ó.

Ní oṣù kìíní ọdún tí a wà yìí, 1965, mo lọ ra pákó fún àga ilé ìwé ní ilé ìlagi kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ń yí ìtì igi bọ̀, eruku bò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn pariwo, “Tíṣà! Tíṣà mi!” Fàsásì ni. Irun orí rẹ̀ ti funfun. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò kí ó tó dì mọ́ mi.

“Àdììtú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo já a,” ni ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí mi létí, kí àwọn yòókù má baà gbọ́. Ó ṣì ń bá mi pa àṣírí mọ́. “Akọ̀wé ibí ló ń kà á fún mi. Ṣùgbọ́n àwọn ti ìsinsìnyí gbẹ, Tíṣà. Kò sí omi nínú wọn mọ́.”

N kò ra pákó lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e mo wọ ọ́fíìsì owó orí ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo kó gbogbo ìwé ti ọdún mẹ́fà kalẹ̀. Akọ̀wébìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbíkẹ́ ló gbà mí. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi. “Ta ló lé yín wá?”

“Kò sẹ́ni tó lé mi.”

“Nítorí iye kékeré yìí? Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. N kò tíì rí irú yín rí.” Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo sì kọ ọ́ sí ìlà tó yẹ: iṣẹ́ àdììtú, ìwé ìròyìn, ṣílè mẹ́wàá, iye ìgbà. Kò gbà mí ní ìdajì wákàtí. Mo san tèmi pẹ̀lú ìtanràn. Wọ́n ní àwọn á dá ti Fàsásì padà bí ìgbìmọ̀ bá gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì, mo sì ti kọ̀wé sí Olóyè Adémúyìwá pé n ó dúró níbi tí Fàsásì dúró sí, kí ó bi mí ní ìbéèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti san owó igi kan ní Mámù. Ọdún kan ni yóò gbà kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ tán. Fàsásì ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún. N kò mọ̀ bóyá apá rẹ̀ á ṣì lè tu ú.

Ẹ̀yin ará Ìwópin, mo bẹ̀ yín. Asimawu, Ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní iṣẹ́ oṣù tí ẹ sì ń fi ọwọ́ kejì ṣe nǹkan, tí ẹ ń kọ lẹ́tà fún ènìyàn, tí ẹ ń ya fọ́tò, tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn ilé ìwé: ìlà yẹn nínú fọ́ọ̀mù kì í ṣe àdììtú. Ìbéèrè lásán ni. Ẹ dá a lóhùn kí ẹlòmíràn má baà bá yín dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá mo padà sí ilé ìlagi. Ọ̀sán ni, wọ́n ń sinmi. A jókòó sórí ìtì igi, èmi àti Fàsásì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: irọ́ tí mo pa nípa ọ̀gá, fọ́ọ̀mù, owó tó wà ní báńkì mi nígbà tó ń ta ọkọ̀. Ó ń bu gàrí sẹ́nu, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo dákẹ́, mo bi í ní ohun tí n kò lè já láti ọdún mẹ́ta.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò fi sọ pé èmi ni?”

Ó wò mí bí ẹni tí mo béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. “Ṣebí ìwọ lo ní kí n fi í sílẹ̀ fún ọ. Mo sì fi í sílẹ̀.”

“Ẹ̀rín tí ẹ wá rín ńkọ́, nígbà tí mo wúkọ́?”

Ó da omi sínú gàrí tó kù, ó rò ó. “Mo rí i pé o fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, ó ti dé; ó fẹ́ sọ pé òun ni. Mo wo ojú rẹ, mo rí i pé ìbẹ̀rù wà níbẹ̀. Mo wá rẹ́rìn-ín sí ọ, kí àyà rẹ má baà já.”